Pápá Tí Kábíyèsí Fún Màlúù Wa

Ṣé ẹ mọ irú ọmọ tí àwọn èèyàn máa ń sọ pé ó ti parí ìwé, tó sì jẹ́ pé ìwé ló parí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀? Èmi nìyẹn. Ọdún méjì rèé tí mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni yunifásítì ní kí n ṣì máa gbafẹ́ nílé. Mo bá ń gbafẹ́. Ọ̀dọ̀ Yèyé ni mò ń gbé, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, nínú ìlú kan láàárín Odò-Ọwá àti Ìlọ́fà, tí ọ̀nà ẹ̀ dára gan-an tí òjò ò bá rọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba fóònù àwọn ará àdúgbò lọ sáàjì, kí n máa ka lẹ́tà fún àwọn àgbàlagbà, kí n sì máa jẹ iṣu. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Báyìí ni mo ṣe wà tí lẹ́tà kan fi dé láti ààfin lọ́jọ́ Àìkú kan, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Yèyé ní kí n kà á, mo kà á. Wọ́n ní ìdílé tó bá wa pààlà ní Pápá Màlúù ti lọ sọ fún Kábíyèsí pé ilẹ̀ wa ò kọjá ibi tí pèrègún tò sí láàárín pápá. Wọ́n fẹ́ gbin kajú sí gbogbo ibi tó kù lẹ́yìn pèrègún náà. Kábíyèsí ní kí ìdílé méjèèjì wá lọ́jọ́ Sátidé, kí kálukú mú ìtàn ilẹ̀ ẹ̀ dání.

Pèrègún la fi ń pààlà lọ́dọ̀ wa. Níbi tó bá tò sí, kò sẹ́ni tó ń jiyàn mọ́. Ilẹ̀ kan ti parí nìyẹn, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá ṣe pé koríko nìkan ló wà lẹ́yìn pèrègún yẹn ni, bóyá Yèyé ì bá kàn pòṣé kó sì gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni gáà wà, ìyẹn àgọ́ àwọn Fúlàní tó ń sin màlúù. Inú gáà yẹn ni Bàbá Gáà ń gbé, Fúlàní àgbàlagbà kan tó jẹ́ pé bàbá bàbá ẹ̀ ló bá bàbá ńlá mi da màlúù dé ìlú yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló bí àwọn ọmọ ẹ̀ sí, ìyàwó ọmọ ẹ̀ ló sì ń ṣe wàrà tí gbogbo àdúgbò wa ń jẹ. Àwọn ìdílé kejì ti ránṣẹ́ sí i pé tí Kábíyèsí bá gbè wọ́n, kó ti kó ẹrù ẹ̀ kúrò kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Yèyé bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mò ń kàwé.

"Ta ló máa kọ ìtàn yìí?" Ara ẹ̀ ló ń bi. Ó wá wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣebí ìwọ lo parí ìwé?"

"Yèyé, mo parí ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́..."

"Kò sí àmọ́ níbẹ̀. Gbogbo iṣu tó o ti jẹ nílé yìí, jẹ́ kó di ìtàn."

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nílé wa kúrú, ó sì dùn. Wọ́n ní bàbá ńlá mi, ìyẹn bàbá ọkọ Yèyé, lọ ṣiṣẹ́ reluwé lókè Ọya nígbà òyìnbó. Ó ru irin títí èjìká ẹ̀ fi wọ́. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, kò ra kẹ̀kẹ́ bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Màlúù méje ló dà bọ̀, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó jẹ́ Fúlàní. Ọba ìgbà náà rí i, inú ẹ̀ dùn, ó ní akọni ọkùnrin rèé, ó bá fi pápá ńlá ta á lọ́rẹ. Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ kọ ìwé sí i, ó sì tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Nínú ìtàn yìí, bàbá ńlá mi ga, àyà ẹ̀ fẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ti wo dígí títí kí n lè mọ ibi tí mo ti jọ ọ́. Ó lè jẹ́ etí.

Ìwé òyìnbó yẹn wà nínú àpótí Yèyé. Mo ṣí i, mo rí i pé ikán ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Wọ́n ti ka ìwé náà tán pátápátá, wọ́n tiẹ̀ kà á dáadáa ju bí mo ṣe ka ìwé tèmi lọ. Igun kan ṣoṣo ló kù, pẹ̀lú ààbọ̀ òǹtẹ̀.

Mo bá jókòó, mo kọ ojú ewé kan ààbọ̀. "Ní ayé àtijọ́, ọkùnrin alágbára kan wà." Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kà á fún Yèyé pẹ̀lú ohùn oníròyìn orí rédíò.

"Ó dáa," ni Yèyé wí. "Ibo ni ààlà wà nínú ẹ̀?"

Mo wo òkè ìwé, mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí ààlà. Alágbára nìkan ló kún ibẹ̀.

"Lọ bá Bàbá Gáà," ló wí. "Àwa ń jẹ ẹran, àwọn ló mọ ilẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè, mo mú ìwé àti bírò, mo gun ọ̀kadà dé etí odò, mo fẹsẹ̀ rin ìyókù. Bàbá Gáà wà lábẹ́ igi níwájú gáà, ó ń lọ́ okùn tí wọ́n fi ń so ọmọ màlúù. Yorùbá tó ń sọ, bí ti ilé wa gẹ́lẹ́ ni. Tí ẹ ò bá rí i, tó jẹ́ pé ohùn ẹ̀ nìkan lẹ gbọ́, ẹ ó rò pé alága ẹgbẹ́ àwọn bàbá ìjọ wa ni.

"Bàbá, ẹ kú ìjókòó o."

"Akọ̀wé! Ṣé ìwọ àti ìwé ti parí ìjà?"

"Rárá o, Bàbá. A ò tíì kíra."

Ìyàwó ọmọ ẹ̀ gbé wàrà fún mi nínú abọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo nu ọwọ́, mo wá ka ìtàn mi fún un. Nígbà tí mo dé ibi "akọni ọkùnrin", Bàbá Gáà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, okùn bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Fi ta wọ́n lọ́rẹ? Wàláì, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ọba lé wọn ni!"

Ó wá sọ tiẹ̀ fún mi. Ó ní ìgbà tí màlúù méje yẹn wọ ìlú, iṣu ọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fà ni. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti jẹ ewé iṣu náà tán, wọ́n ti jẹ àgbàdo àwọn olorì, wọ́n sì ti rún aṣọ kan tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́nu. Èyí tó wá burú jù ni pé akọ kan wà nínú wọn tó máa ń ké ní gbogbo ọ̀sán, ní àsìkò tí ọba bá fẹ́ rẹjú. Ọba ránṣẹ́ pe bàbá ńlá mi. Ó ní, "Mi ò ní pa ẹran rẹ, mi ò sì ní lé ọ nílùú. Àmọ́ da wọ́n sọdá odò, kó o máa dà wọ́n lọ títí mi ò fi ní gbọ́ ohùn wọn mọ́. Ibi tí mi ò bá ti gbọ́ wọn mọ́ ni kí wọ́n máa sùn. Láti odò dé ibẹ̀, kí wọ́n máa jẹ koríko."

Ni ọba bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin. Wọ́n to àwọn èèyàn sójú ọ̀nà tí wọ́n á máa wo ọwọ́ ọba, kí ìròyìn lè máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń da màlúù. Màlúù ké létí odò, ọba nawọ́ sókè: ó ṣì ń gbọ́. Wọ́n sún síwájú. Ó ké láàárín pápá, ọba tún nawọ́. Wọ́n tún sún síwájú, ó tún nawọ́. Ìgbà tí wọ́n dé ìdí àpáta pẹrẹsẹ kan ni akọ màlúù náà ké, ó ké, ó tún ké, tí ọwọ́ ọba ò gbéra mọ́.

"Àwọn kan ní ọba ò gbọ́ mọ́ ni," ni Bàbá Gáà wí. "Bàbá bàbá mi ní ó ti sùn lọ."

Wọ́n gbin pèrègún sẹ́yìn àpáta náà. Àwọn Fúlàní bẹ̀rẹ̀ sí í da iyọ̀ sórí ẹ̀ kí màlúù lè máa lá a. Òun là ń pè ní Òkúta Iyọ̀ títí dòní.

Mo wo ìwé mi, mo fa ìlà gba orí "alágbára" kọjá.

Bàbá Gáà dìde, ó ní ká lọ wo ààlà. Òkúta Iyọ̀ ò jìnnà sí gáà. Ihò kéékèèké wà lójú ẹ̀ bí ojú ọ̀pọ́n ayò, ahọ́n màlúù ló gbẹ́ ẹ. Àmọ́ mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, koríko àti igbó nìkan ni mo rí.

"Bàbá, pèrègún dà?"

Ó wò mí. "Ìwọ ni mo fẹ́ bi."

Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó bá mú mi padà sí àárín pápá, níbi tí pèrègún tí àwọn ìdílé kejì ń sọ wà. Wọ́n tò lọ gbọọrọ lójú ìlà kan, ewé wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Mo kà wọ́n, mọ́kàndínlógún ni. Mo mọ̀ wọ́n. Bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ ẹ̀ láàárín ọmọ ilé ìwé ni mo ṣe mọ̀ wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọdún bíi mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn tíṣà wa daṣẹ́ sílẹ̀. Yèyé ní kí n lọ dá oko iṣu tèmi sí Pápá Màlúù kí n lè mọ bí iṣu ṣe ń dé inú abọ́. Ó ní kí n kọ igba ebè. Ogún ni mo kọ, lójú ìlà kan ṣoṣo, nítorí pé ó rẹ̀ mí kó tó di pé mo máa yí padà bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì. Nígbà tí iṣu yọ, ó ń wá ọ̀pá tó máa gùn. Àwọn ọmọ gidi máa ń wọ igbó lọ gé ọ̀pá líle. Èmi rí pèrègún lẹ́yìn Òkúta Iyọ̀, ó tọ́, ó rọrùn láti gé, kò sì jìnnà. Mo gé gbogbo ẹ̀ dé ìdí, mo ki ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ ẹ̀gbẹ́ ebè. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé téèyàn bá ki pèrègún bọlẹ̀, ó máa hù. Èmi nìkan ni ò mọ̀, èmi tí mo gba máàkì tó pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣu ní òun ò ṣe. Ọ̀pá iṣu ló ṣe dáadáa, ọ̀kan péré ni ò hù. Mi ò padà débẹ̀ mọ́. Àwọn ìdílé kejì wá wo ilẹ̀ wọn, wọ́n rí pèrègún tó tò bí ọmọ ogun, wọ́n ní ààlà nìyí. Èmi gan-an ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Mo rí ọ lọ́jọ́ náà. O ń gé e, o ń kọrin."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Tí èmi bá dìde láàfin, tí mo ní ọmọ onílẹ̀ ló gé ààlà, ta ló máa gbọ́? Wọ́n á ní nítorí gáà mi ni mo ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ tí ọmọ náà bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́..."

Ó yíjú sí ọ̀nà gáà, níbi tí ọmọ ọmọ ẹ̀ kan ti ń sáré lé ọmọ màlúù kiri, tí ọmọ màlúù náà sì ń sáré lé òun náà.

Ó wù mí kí n sọ pé ọkàn mi le lójú ẹsẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé kí n mú àdá wá gé gbogbo mọ́kàndínlógún náà kí Sátidé tó dé. Mo wá rántí pé pèrègún ni. Tí mo bá gé e, á di méjìdínlógójì.

Nígbà tí mo délé, Yèyé wà nínú ilé ìdáná, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

"Yèyé, tí èèyàn bá ba pèrègún ààlà jẹ́, kí ni wọ́n máa ń ṣe fún un?"

"Láyé àtijọ́, wọ́n lè lé e nílùú. Ta ló bà á jẹ́?"

"A ò bà á jẹ́. A kàn gé e ni."

"Àwọn wo ni 'a'?"

"Èmi."

Yèyé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìgbà tó bá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn sá, torí pé ọwọ́ ẹ̀ ti ṣófo nìyẹn. Mo bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni mo ti ro gbogbo ẹjọ́ mi. Nígbà tí mo parí, mo rọra ti ilẹ̀kùn síwájú. Mo yọjú. Ó di ikùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀.

"Ogún ebè! O sọ fún mi pé igba lo kọ! Mo jẹ́rìí ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ẹ má bínú, Yèyé."

"Wàá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ogún náà gan-an ni kó o sọ. Tí mo bá gbọ́ igba lẹ́nu rẹ láàfin, èmi ni mo máa lé ọ nílùú."

Lọ́jọ́ Sátidé, a pé sí ààfin. Ẹni tó wá gbẹnu sọ fún ìdílé kejì, tíṣà tó kọ́ mi ní pírámárì ni, ó ti fẹ̀yìntì. Bó ṣe máa ń wò wá nígbà náà ló ṣì ń wò. Bàbá Gáà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Mo ka ìtàn mi, tuntun ni o, kò sí alágbára kankan nínú ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọba ń nawọ́ sókè lọ́dẹ̀dẹ̀ títí tó fi sùn lọ, Kábíyèsí rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Àmọ́ wọn ò sọ pé ó sùn lọ."

Bàbá Gáà dorí kodò, ó ń wo fìlà ẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Tíṣà dìde. "Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Ìtàn yìí dùn, ó tọ́ kí n fún un ní máàkì. Àmọ́ ẹnu ni ìtàn ti jáde, ilẹ̀ ni pèrègún wà. Ìbéèrè kan ni mo ní: ta ló gbin pèrègún tó wà láàárín pápá?"

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Gáà ò wò mí, fìlà yẹn ló ń fún lọ́wọ́.

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ? Nígbà òyìnbó ajẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Mi ò gbin pèrègún, sà. Iṣu ni mo gbìn. Pèrègún ló hù." Ẹ̀rín yẹn tún wá di méjì. Mo ro gbogbo ẹ̀: ogún ebè, ìlà kan, ọ̀pá rírọ̀, Òkúta Iyọ̀. Nígbà tí mo fi máa parí, ìjòyè kan ti ń fi etí agbádá nu ojú.

Tíṣà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí, ọmọ yìí lè máa parọ́ nítorí ilé wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Ní pírámárì kẹta, ó sọ fún mi pé ewúrẹ́ jẹ iṣẹ́ àṣetiléwá òun."

"Ewúrẹ́ jẹ ẹ́ lóòótọ́, sà."

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

Kábíyèsí ní kò sí wàhálà, ilẹ̀ ò sá lọ, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Ọ̀kadà mẹ́sàn-án ló gbé wa dé etí odò, ọkọ̀ Kábíyèsí tẹ̀ lé wa lẹ́yìn jẹ́jẹ́. Nígbà tí a dé ìdí pèrègún, Tíṣà gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó fúnra ẹ̀ wa ìdí pèrègún kẹta. Abẹ́ koríko, ebè ló wà níbẹ̀, ó ti rì díẹ̀, àmọ́ ebè ni. Ó wa á síwájú sí i. Ohun kan jáde tó tó àtàǹpàkò, ó wọ́ bí èékánná àdìẹ. Tíṣà gbé e sókè.

"Kí lèyí?"

"Iṣu ni, sà."

"Iṣu?"

"Bí agbára mi ṣe mọ nìyẹn, sà."

Ó wa ìdí ìkẹrin, òmíràn tún jáde, ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sọ ọkọ́ sílẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń pààlà sórí ebè," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

A lọ sídìí Òkúta Iyọ̀. Wọ́n ṣán igbó ẹ̀yìn ẹ̀, a rí kùkùté pèrègún tó tò síbẹ̀, ojú àdá mi ṣì wà lára wọn, ní wúruwùru. Ewé tuntun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ màlúù kì í jẹ́ kó ga. Bàbá Gáà da ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sójú àpáta, ó fẹnu ṣe "hòò". Màlúù funfun kan wá, ó ki ahọ́n bọ inú ihò náà, ahọ́n ẹ̀ sì bá a mu rẹ́gí. Nígbà tó lá a tán, Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé inú ihò náà, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kí ahọ́n tó gbẹ́ òkúta báyìí?"

"Mi ò lè kà á, Tíṣà," ni Bàbá Gáà dáhùn. "Bó ṣe wà nìyí nígbà tí mo gbọ́njú."

Tíṣà nàró. Ó wo àwọn èèyàn ẹ̀, ó wo Kábíyèsí. "Ààlà wa rèé. Ẹ̀yìn òkúta ni kajú wa máa wà. Kí Bàbá jókòó sílé wọn."

Bàbá Gáà yíjú sí màlúù funfun yẹn, ó ń fi Fúlàní bá a sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó sì pẹ́ kó tó yíjú sí wa padà. Láti ọ̀nà gáà, ìyàwó ọmọ ẹ̀ ti gbọ́, igbe ayọ̀ ẹ̀ gba gbogbo pápá. Kò pẹ́ tí abọ́ wàrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Kábíyèsí dá ẹjọ́ tèmi sọ́tọ̀. Ó ní kí n hú gbogbo mọ́kàndínlógún, kí n rù wọ́n dé ẹ̀yìn òkúta, kí wọ́n tún ààlà gbìn. "Má gé e o," ni Tíṣà pariwo. "Tìdítìdí ni kó o hú u!" Mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ gáà tò tì mí, wọ́n ń ka iye tí mo ti hú sókè. Nígbà tí mo dé orí ìkẹjọ, mo ní kí wọ́n fún mi lómi. Yèyé, tó ti jókòó sórí òkúta pẹ̀lú wàrà lẹ́nu, ní kí wọ́n má tíì fún mi, kí n kọ́kọ́ dé ogún. Mo ní mọ́kàndínlógún ni. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ẹni tó pe ogún ní igba ò lè kọ́ òun ní òǹkà.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan kì í dá pèrègún ààlà gbìn. Ará ìhín dì í mú, ará ọ̀hún dì í mú, wọ́n á jọ gbé e sínú kòtò. Tíṣà di àkọ́kọ́ mú láti ọ̀hún. Yèyé sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó di ẹ̀gbẹ́ tiwa mú. Ó wá wo ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ wá dì í mú."

"Èmi kẹ̀?" Bàbá Gáà wo Kábíyèsí. "Màmá, àlejò ni wá o."

"Àlejò wo? Ta ló ń gbé ibẹ̀? Ṣé èmi ni mò ń sùn ti màlúù ni? Ẹ wá jàre, apá ń ro mí."

Kábíyèsí mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Gáà dé fìlà ẹ̀, ó wá, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di igi náà mú láàárín ọwọ́ Yèyé àti ọwọ́ Tíṣà. Wọ́n gbé e sínú kòtò. Ó dúró ṣánṣán. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ kí n bá wọn tẹ ilẹ̀ ìdí ẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn án!" ni gbogbo wọn pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan Kábíyèsí.